Ọ́ìlì ń jò lábẹ́ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì: ẹ má tíì dá tọ́bò lẹ́bi

Ní Abẹ́òkúta níbí, bí ọ́ìlì bá ti ń jò lára ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì onítọ́bò (tọ́bò ni ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìn), ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì ni "Tọ́bò ti lọ, ẹ lọ wá tòkunbọ̀." Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà nípa píkọ́ọ̀pù tí mo fi ń kó ẹrù láti Ọ̀dẹ̀dá wá sí Kútọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fọ ẹ́ńjìn ná."

Ọ́ìlì kì í dúró síbi tó ti jáde. Ó ń ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn ìrìn á tún fẹ́ ẹ sẹ́yìn, títí gbogbo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìn á fi rin gbindin. Nílùú olókè bíi tiwa, ibi tẹ́ ẹ páàkì sí pàápàá lè tàn yín. Nígbà tí mo dojú ọkọ̀ kọ òkè ní Ìtòkò, ẹ̀yìn, lábẹ́ gíà, ló ń kán sí. Mo gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú, iwájú ló kán sí. Ká ní ibi tó ń kán sí nìkan la wò ni, wọn ì bá ti sọ gíà kalẹ̀ torí séèlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìn (ohun tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò síta).

Ẹ́ńjìn tútù la fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀, a fi ọ̀rá bo àwọn ojú wáyà, a fi omi ọṣẹ ṣàn án, a jẹ́ kó gbẹ. Mo wá bu pọ́ńdà ọmọdé sí i lára (àwọn ọmọṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí). Mo wà á lọ sọ́nà Kóbapẹ́, mo padà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tó ga jù lọ tí pọ́ńdà ti rin, ibẹ̀ lẹ máa tú.

Ẹ fi ìka ra ohun tó kán sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì ni, ọ̀rọ̀ pọ́ńpù tàbí páìpù epo nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ wá a lára páìpù nígbà tí ẹ́ńjìn bá ń ṣiṣẹ́ o: lórí common rail (irú ẹ́ńjìn dísẹ́ẹ̀lì tí páìpù kan ti ń pín epo fún gbogbo sìlíńdà), agbára tó fi ń ti epo lè ju 1,000 bar lọ, ó sì lè gún awọ wọnú ara.

Ti tọ́bò gan-an wá ńkọ́? Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé ọ́ìlì wá sínú rẹ̀ tagbáratagbára. Páìpù gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ ló ń dá a padà sínú sọ́ńpù (àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìn), kò sì sí pọ́ńpù tó ń fà á, ó kàn ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Bí páìpù ìdápadà yìí bá dí, tàbí tí breather ẹ́ńjìn (ibi tí èéfín inú ẹ́ńjìn ń gbà jáde) bá dí tí èéfín inú sọ́ńpù wá ń ti ọ́ìlì padà sókè, ọ́ìlì á gba ojú séèlì jáde. Séèlì inú tọ́bò kì í ṣe rọ́bà, òrùka irin kékeré ni, kò lè dá ọ́ìlì tó dúró gbagidi dúró. Bẹ́ ẹ bá gbé tọ́bò tuntun síbẹ̀, òun náà á jò.

Tèmi kò tiẹ̀ dé ibẹ̀. Wọ́ṣà bàbà tó wà lẹ́nu páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ló ti tẹ́, ẹnì kan sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Mo kórìíra gọ́ọ̀mù níbẹ̀. Bí ègé rẹ̀ bá já wọ ihò ọ́ìlì, tọ́bò tó ń yí ju ìgbà 100,000 lọ níṣẹ̀ẹ́jú kan kò ní pẹ́ kú. Wọ́ṣà tuntun la fi sí i.

Bẹ́ ẹ bá tú họ́ọ̀sì intercooler (ohun tó ń mú atẹ́gùn tó ti inú tọ́bò jáde tutù) tẹ́ ẹ rí i pé inú rẹ̀ rin díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, breather ló sábà ń rán ìrì ọ́ìlì lọ síbẹ̀. Bó bá ṣeé dà sínú ife ni kẹ́ ẹ yẹ fílítà atẹ́gùn wò, nítorí eruku ọ̀nà wa máa ń dí i, kẹ́ ẹ sì di ọ̀pá tọ́bò mú: ó lè mì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ kò gbọdọ̀ ṣeé tì síwájú sẹ́yìn. Ẹ má sì wa ọkọ̀ náà mọ́, torí ẹ́ńjìn lè máa jó ọ́ìlì ara rẹ̀, á máa sáré, kọ́kọ́rọ́ kò sì ní pa á. Bó bá jẹ́ mánúàlì, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ gbé e sí gíà tó ga jù, kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì kó fi kú. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ibi tó ti ń fa atẹ́gùn.