Ṣáàtì tó jáde nílé mi, tó funfun báláú níbi ìpàdé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú Jupyter

Kétu ni mo ń gbé. Mo máa ń bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan tó ń ta àgbàdo àti gààrí kọ iye owó ọjà sílẹ̀, gbogbo ọjọ́ ọjà, iye tí àpò kan jẹ́ ní sẹ́fà. Tí mo bá délé màá kó o sínú Jupyter, ìwé orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ kóòdù àti àlàyé pọ̀ sí, màá fi Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, tò ó, màá wá fi Plotly, irinṣẹ́ Python kan, ṣe ṣáàtì tó jẹ́ pé téèyàn bá gbé ìka lé e, ọjọ́ yẹn àti iye owó ẹ̀ á yọ jáde. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀, torí àwọn ìyá yìí máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ gan-an, "ọjọ́ wo ni gààrí wọ́n tó báyìí?", wọ́n sì fẹ́ kí ìdáhùn jáde lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo fi clé USB gbé fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé ẹgbẹ́, mo ṣí i, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ pé síbẹ̀, àmọ́ ibi tó yẹ kí ṣáàtì wà funfun báláú. Ìyá tó jẹ́ olórí wọn ní, "Ọmọ mi, mi ò rí nǹkankan o." Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá, ẹ jẹ́ kí n wò ó díẹ̀." Mo wò ó títí, kò jáde, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye owó lẹ́nu fún wọn nìyẹn títí ìpàdé fi tú. Ó dùn mí gan-an, àwọn kan wọkọ̀ láti Pọ̀bẹ́ wá nítorí ẹ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ṣáàtì yìí kì í ṣe fọ́tò. Tẹ́ ẹ bá fi Matplotlib, irinṣẹ́ Python míì, yà á bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe, fọ́tò PNG ló máa wọnú fáìlì .ipynb yẹn, ìyẹn fáìlì Jupyter tí wọ́n ń pè ní notebook, ibi tó bá lọ ó gbé ara ẹ̀ dání. Ti Plotly, Bokeh àti Altair ò rí bẹ́ẹ̀. Python kàn ń kó nọ́ńbà àti àlàyé bó ṣe máa rí jọ ni, ó wá gbé e fún bráwúsà tá a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, JavaScript, èdè kóòdù inú bráwúsà, ló ń yà á níwájú ẹni tó ń wò ó. JavaScript yẹn sì nílò láìbúrárì tiẹ̀, ìyẹn àkójọ kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, plotly.js. Èmi ti lọ fi "notebook_connected" sínú pio.renderers.default, ibi tá a ti ń sọ bí Plotly ṣe máa gbé ṣáàtì jáde, bẹ́ẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn ti ń lọ mú láìbúrárì wá. Nílé mi íntánẹ́ẹ̀tì wà, níbi ìpàdé kò sí. Ká ní "notebook" lásán ni mo lò ni, á gbé láìbúrárì náà sínú fáìlì, fáìlì á fi ju mẹ́gà 3 lọ wúwo sí i, àmọ́ kò ní máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri.

Nígbà tí mo tún un ṣe báyìí, mo gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà àbúrò mi, ó tún funfun! Ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dé Kétu á mọ Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ yẹn, àjèjì ò kàn lè wọlé níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n wò ó wò. Bí Jupyter ṣe ń ṣe sí fáìlì tó wá láti ibòmíì nìyẹn. Kóòdù tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín rán níṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín, ó gbà á gbọ́, àmọ́ àmì ìgbàgbọ́ yẹn ò sí nínú fáìlì, orí kọ̀ǹpútà yín ló jókòó sí, torí náà tí fáìlì bá dé ilé ẹlòmíì kò ní jẹ́ kí JavaScript inú ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni yẹn máa tún kóòdù náà rán níṣẹ́, tàbí kó kọ jupyter trust àti orúkọ fáìlì sínú tẹ́mínà, ojú ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn pé wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ o, kóòdù ẹni ẹlẹ́ni ò yẹ kó kàn máa ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ èèyàn, ẹ má ṣe trust fáìlì tẹ́ ò mọ ibi tó ti wá.

Torí náà mi ò gbé notebook lọ ìpàdé mọ́. fig.write_html("agbado.html") ni mo ń lò, láìbúrárì ti wà nínú ẹ̀, bráwúsà èyíkéyìí á ṣí i. Tí ṣáàtì bá pọ̀, mo máa ń fi include_plotlyjs="directory" sí i, plotly.js ẹyọ kan á wà nínú fódà, gbogbo wọn á jọ máa lò ó, ẹ ṣáà rí i pé odidi fódà lẹ gbé. Ẹni tó ní mẹ́gà lórí fóònù, include_plotlyjs="cdn" ni mo fi ń ṣe èyí tí mo ń fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń mú láìbúrárì, ó fúyẹ́. Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì yín, kẹ́ ẹ ṣí i nínú fèrèsé àdáni bráwúsà, torí bráwúsà máa ń tọ́jú ohun tó ti lọ mú wá tẹ́lẹ̀, ó lè tàn yín pé gbogbo ẹ̀ ti dáa. GitHub náà, ibi tí wọ́n ń kó kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, JavaScript inú notebook ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ fi PNG kan tì í.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín kọ JavaScript ẹ̀, bí èmi ṣe wá ń lo D3, láìbúrárì JavaScript fún ṣáàtì, báyìí, HTML inú IPython.display lẹ máa fi gbé e jáde. Ẹ fún div kọ̀ọ̀kan, àpótí tí ṣáàtì máa jókòó sí, ní id tiẹ̀, ìyẹn orúkọ tiẹ̀, èmi lo ọ̀kan náà fún méjì, ṣáàtì gààrí lọ jókòó lórí ti àgbàdo. Kóòdù inú script, ẹ kó o sínú function, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá rán cell yẹn, àpótí kóòdù inú notebook, lẹ́ẹ̀kejì, bráwúsà á ní orúkọ tẹ́ ẹ fi const sọ ti wà tẹ́lẹ̀.

Èyí tó fún mi níṣẹ́ jù ni ọjọ́ ọjà tí mi ò lọ. pandas, irinṣẹ́ Python tí mo fi ń to nọ́ńbà, ń kọ NaN síbẹ̀, ìyẹn pé kò sí nọ́ńbà, json.dumps ti Python gbé NaN yẹn jáde bẹ́ẹ̀, JSON.parse tó ń kà á fún JavaScript ní òun ò mọ̀ ọ́n, ohun gbogbo dúró. Mo kọ́kọ́ fi 0 dí i, ìlà wá já wálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń ta gààrí lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, irọ́ sì nìyẹn. df.to_json ni mo wá ń lò, ó ń sọ NaN di null, mo sì fi defined sọ fún D3 pé kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e ó jáde. Ìyá tó jẹ́ olórí wọn gbé ìka sórí fóònù, ó fà á lọ fà á bọ̀, ó dé ibi òfìfo yẹn, ó ní, "Kí ló dé tó já níbí?" Mo ní, "Ara mi ò yá lọ́jọ́ yẹn, ìyá, mi ò lè dé ọjà." Ó ní, "Èmi dé ọjà. Mú bíírò, kọ ọ́ sílẹ̀."