Ògiri gbóná, ẹ̀rọ mi ní ó tutù

Sátidé, Ògbómọ̀ṣọ́, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá.

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni mo ti wà lẹ́yìnkùlé lónìí, mo fẹ́ bá ojú ọ̀run nígbà tó ṣì tutù, tí oòrùn ò tíì dá sí i. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́jọ́rú, ó ti fọ eruku ọyẹ́ tó kù lọ, sánmà wá mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo tú ọ̀rá tí mo fi bo LNB, ìyẹn orí kékeré tó wà lójú díìṣì mi tó ń gba ìgbì, nítorí ìrì, mo so wáyà mọ́ bátìrì, mo wá dúró bí ogún ìṣẹ́jú kí ara ẹ̀ tó wálẹ̀, torí ẹ̀rọ téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ìsọkúsọ ló máa ń kọ́kọ́ sọ.

Fún ẹni tí ò tíì ka àwọn tí mo kọ tẹ́lẹ̀: díìṣì tẹlifíṣọ̀n àlòkù ni, bùrọ̀dá wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló bá mi jó ẹsẹ̀ mọ́ ọn kó lè máa yí sókè sódò, LNB wà lójú ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ agbára ìgbì di fóltì, ká tó wá kan mítà tí àwọn oníná fi ń yẹ wáyà wò. Kò lè gbé àwòrán kankan wá. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gbọ́ bí ohun tó dojú kọ ṣe gbóná tó, torí gbogbo ohun tó bá ti ní ooru lára, bó ti wù kó kéré mọ, ló ń tú ìgbì máíkíròwéfù jáde, ògiri, igi máńgò, èmi alára, òkun, afẹ́fẹ́ pàápàá. Rédíómítà ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Kì í ta ìgbì kankan jáde ní tiẹ̀, ó kàn dákẹ́ tó ń gbọ́ ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ ló ti mi dé ìdí ẹ̀. Ayétòrò ni ìyá ẹ̀ ti wá, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó létí òkun lọ́dún 1947 ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, òkun sì ti ń jẹ ibẹ̀ lọ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ilé ìyá ìyá ẹ̀ ti wà lábẹ́ omi báyìí. Ọjọ́ kan tí mo ń ṣàlàyé fún un pé ọjọ́ ti pẹ́ tí sátẹ́láìtì ti ń wọn òkun, pé láti 1993 ojú omi òkun àgbáyé ti gòkè tó bíi sẹ̀ǹtímítà 10, ó wò mí títí, ó ní, "Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé òkun ló gòkè? Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ yín ló ń yí padà?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo mọ ohun tó wà nínú ìwé o, àmọ́ mi ò fẹ́ fi ìwé dá ẹni tí òkun gba ilé ẹ̀ lóhùn.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Sátẹ́láìtì bíi Jason-3 àti Sentinel-6 ń lọ ní nǹkan bíi kìlómítà 1,336 lókè, ó ń ta ìgbì rédà sílẹ̀ sójú òkun, ó ń ka àkókò tí ìgbì náà fi lọ tó fi bọ̀, ibẹ̀ ló ti ń mọ bí òkun ṣe jìnnà sí òun tó. Àmọ́ afẹ́fẹ́ wà lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ sì ń fa ìgbì sẹ́yìn díẹ̀, ìgbì á pẹ́ kó tó dé, ẹ̀rọ á rò pé òkun jìnnà ju bó ṣe wà lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìkan ń fi nǹkan bíi mítà 2.3 kún un, ìyẹn ò le, torí téèyàn bá ti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó níbẹ̀ á ṣírò ẹ̀. Oru omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló le. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ tó sì tutù, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ló máa fi kún un, lápá ọ̀dọ̀ wa níbí tí ara èèyàn máa ń lẹ̀ nígbà òjò ó lè fẹ́ẹ̀ tó 40, kì í sì í dúró sójú kan, ti òní ò jọ ti ọ̀la, ti òwúrọ̀ ò jọ ti ìrọ̀lẹ́. Ẹ wá wò ó, òkun ń gòkè ní mìlímítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ́dún, oru omi sì lè ṣì yín lọ́nà ní ogójì sẹ̀ǹtímítà lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìdí nìyẹn tí rédíómítà fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédà lórí sátẹ́láìtì wọ̀nyẹn, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Oru omi ní ibi tí ohùn ẹ̀ ti máa ń rinlẹ̀, nítòsí 22.235 GHz (GHz kan ni kí ìgbì gbọ̀n ní bílíọ̀nù kan ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), torí ẹ̀ ni ti Jason fi ń tẹ́tí sí 23.8, tó tún ń gbọ́ 34 kó lè mọ èyí tó jẹ́ ti kùrukùru, àti 18.7 kó lè mọ èyí tó jẹ́ ti ojú òkun fúnra ẹ̀ tí atẹ́gùn ti dà rú. Tèmi ò dé ibẹ̀, nǹkan bíi 11 GHz ni LNB tẹlifíṣọ̀n ń gbọ́, kùrukùru àti òjò ló mọ̀ ju oru omi lọ. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ìwọ̀n ẹ̀ wò, ohun tí wọ́n ń pè ní kalibíréṣọ̀n, ọ̀kan náà ni, ìyẹn ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe.

Ohun méjì téèyàn ti mọ̀ lèèyàn máa fi yẹ ẹ́ wò, ọ̀kan tútù, ọ̀kan gbóná. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ sátẹ́láìtì, wọ́n máa ń rẹ fóòmù dúdú kan tó ń gbé ìgbì mì sínú náítírójìn olómi, Kẹ́lífìn 77 ni ìyẹn (Kẹ́lífìn ń ka ooru láti ibi tí ooru ti tán pátápátá, ìwọ̀n 0 ti tẹ̀mómítà wa jẹ́ 273 níbẹ̀). Níbo ni mo ti fẹ́ rí ìyẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ Sátidé? Ojú ọ̀run ni tútù tèmi. Lẹ́yìn gbogbo ìràwọ̀, ooru tó kù nínú òfurufú ò ju Kẹ́lífìn 2.7 lọ, tí a bá fi ti afẹ́fẹ́ àti ìwọ̀nba ti ilẹ̀ tó ń yọ́ wọlé létí díìṣì kún un, mo kà á sí 10. Mo dorí ẹ̀ kọ àríwá díẹ̀, torí níbi tí a wà yìí, àwọn sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n fẹ́ẹ̀ wà láàárín orí wa, wọ́n kàn fì sí gúúsù díẹ̀ ni, tí díìṣì bá kọjú sí wọn ariwo wọn á bo gbogbo nǹkan. Mítà ní 200 mílífóltì. Mo yí i sí ògiri amọ̀ ilé àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa, ògiri tó nípọn, tó gbẹ, tẹ̀mómítà ní ìwọ̀n 27, ìyẹn Kẹ́lífìn 300. Mítà ní 780. Ẹ bá mi ṣe é: 580 mílífóltì fún Kẹ́lífìn 290, méjì géérégé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wá yí i sí igi máńgò tí ewé ẹ̀ ti dí, 740, ó ní 280. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ nínú ìrì.

Lọ́wọ́ ọ̀sán mo lọ ra gàárì ní Arada. Obìnrin kan ń bá oníṣòwò jà pé kóńgò ẹ̀ ti tẹ̀, wọ́n ti gbá ìdí ẹ̀ wọnú. Ìyá tó ń ta gàárì búra pé òun ò fọwọ́ kàn án, ọdún mẹ́fà lòun ti ń lò ó. Wọ́n wá lọ yá kóńgò ìsọ̀ kejì wá, wọ́n dà á sínú ẹ̀, gàárì ò kún un lóòótọ́. Mo gba ìyá náà gbọ́ pé kò mọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń rí kóńgò yẹn, níbo ló ti fẹ́ mọ̀?

Mo délé ní nǹkan bí aago méjì, mo tún tan ẹ̀rọ. Ògiri ti gbóná nígbà yẹn, tẹ̀mómítà ní 37, Kẹ́lífìn 310, ó yẹ kí n rí 800. Mo rí 764. Mo ṣírò ẹ̀, 292. Ìwọ̀n 19 ni ìyẹn, otútù òwúrọ̀ ọyẹ́, lójú oòrùn ọ̀sán! Mo yẹ bátìrì wò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo yọ wáyà, mo tún un kì, 764. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà, ó ń jó mi. Ọkàn mi dàrú, torí mo ti ń rò pé mo ti mọ iṣẹ́ yìí.

Màmá onílé jáde wá sá aṣọ, mo kí wọn, wọ́n ní kí lẹ̀rọ wí lónìí.

"Ó ní ògiri yín tutù, mà."

Wọ́n fọwọ́ kan ògiri, wọ́n yọ ọ́ kíá. "Èyí tó ń jó èèyàn yìí? Ó ń purọ́ fún ẹ nìyẹn. Bi í léèrè nǹkan míì tí ìwọ náà ti mọ̀, ká gbọ́ ohun tó máa sọ." Wọ́n bá tiwọn lọ, wọ́n ń sá aṣọ.

Mo yí díìṣì sókè. 191. Tí mo bá lo ìṣirò òwúrọ̀, Kẹ́lífìn 5.5 nìyẹn, ojú ọ̀run náà sì ti tutù sí i ju ti àárọ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ògiri wálẹ̀, ọ̀run wálẹ̀, àwọn méjèèjì fi ìdá kan náà wálẹ̀, bíi mẹ́rin ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ògiri àti ọ̀run ò sì lè dìmọ̀ pọ̀ kí wọ́n jọ tutù. LNB ló ti jókòó sínú oòrùn láti àárọ̀, agbára tó fi ń gbé ìgbì sókè ti dín kù. Mo tún un ṣírò, 573 mílífóltì fún Kẹ́lífìn 300, 1.91 ló kù dípò 2. Bí mo ṣe lo tuntun yẹn, igi máńgò padà sí ibi tó yẹ kó wà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ká ní mi ò fọwọ́ kan ògiri ńkọ́? Ká ní mo kàn ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lọ́sàn-án lọ́sàn-án fún oṣù mẹ́ta, ma kọ ọ́ pé ògiri Ògbómọ̀ṣọ́ ń tutù lọ, ma sì ní àwòrán láti fi tì í lẹ́yìn. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lókè lọ́hùn-ún rí. Sátẹ́láìtì TOPEX/Poseidon tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní August 1992 láti wọn òkun, etí rédíómítà ẹ̀ tó ń gbọ́ 18 GHz ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láwọn ọdún àkọ́kọ́, ó ń ṣi ìwọ̀n lọ́nà ní bíi mìlímítà kan lọ́dún. Mìlímítà kan nínú mẹ́ta! Bálúùnù tí wọ́n ń fi wọn ojú ọjọ́ àti rédíómítà orí sátẹ́láìtì míì ni wọ́n fi gbá a mú, bí ẹni yá kóńgò ìsọ̀ kejì, wọ́n sì ṣàtúnṣe àwọn nọ́ńbà náà látẹ̀yìnwá.

Kò sẹ́ni tó lè gun kìlómítà 1,336 lọ gbọ́wọ́ lé nǹkan. Nínú ẹ̀rọ Jason, wọ́n fi díódù kan sí i tó ń tú ariwo tí wọ́n ti mọ ìwọ̀n ẹ̀ jáde, àmọ́ díódù náà ń darúgbó, ta ló máa wọn òun náà? Ògiri tí wọ́n wá ń lò ni igbó Amazon, igbó tó dí fọ́nfọ́n, tó gbóná, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tútù wọn sì ni òkun fúnra ẹ̀, torí bó ti wù kó rí, ó ní ibi tí ooru tí wọ́n ń gbọ́ lókè látara òkun ò lè lọ sílẹ̀ kọjá, wọ́n á kó àìmọye ìwọ̀n jọ títí wọ́n á fi rí ìsàlẹ̀ yẹn. Jason-3 tún máa ń tẹ ara ẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí rédíómítà lè wo òfurufú tútù. Sentinel-6 tó gbéra ní November 2020 ò nílò kó tẹ ara, dígí kan wà nínú ẹ̀ tó ń yí, tó ń fi ọ̀run hàn án, tó tún ń fi ohun kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ hàn án, ọ̀run àti ògiri, bíi tèmi lẹ́yìnkùlé.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi lálẹ́, mo rò gbogbo ẹ̀ fún un láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó gbọ́ mi délẹ̀. Ó wá bi mí pé ṣé sátẹ́láìtì ń wọn Ayétòrò gan-gan. Mo ní òótọ́ kan wà níbẹ̀ tí ò dùn mọ́ mi: létí òkun ni rédíómítà ti máa ń kọsẹ̀. Ilẹ̀ ń tú ooru jáde tó ìlọ́po méjì ti òkun, etí ẹ̀rọ sì fẹ̀, ogún kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ ló ń gbọ́ pa pọ̀, bí ilẹ̀ bá ti wọ inú ẹ̀ yóò gba ilẹ̀ fún oru omi. Sentinel-6 ní etí mẹ́ta míì, 90, 130 àti 166 GHz, tó ń gbọ́ ibi tó kéré gan-an, kó lè sún mọ́ èbúté ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n ibi táwọn èèyàn ń gbé, tí omi ti ń wọ yàrá wọn, ibẹ̀ ló ṣì le jù láti wọ̀n láti òkè. Ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun ọkùnrin ní òpó kan tó máa ń fi àdá sàmì sí lára bí omi bá ti dé ibi tó ga jù lọ́dún, ṣé irú ìyẹn wúlò. Mo ní ó wúlò gan-an, òpó tí wọ́n ń ka omi lára ẹ̀ ní èbúté kiri ayé wà lára ohun tí wọ́n fi ń yẹ sátẹ́láìtì wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tí òpó dúró lé náà lè máa rì, wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ìyẹn náà lọ́tọ̀. Mo bi í pé àmì tó kẹ́yìn wà níbo lára òpó.

Ó ní òkun ti gbé òpó náà lọ láti ọdún tó kọjá.

Mo ti lọ wo ẹ̀rọ kí n tó jókòó kọ èyí. Ọ̀run 199, ògiri 784 ní ìwọ̀n 29, ara LNB ti balẹ̀. Màmá onílé ti gbé agbòòrùn wọn kan fún mi, ma so ó mọ́ orí ẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn má fi bẹ́ẹ̀ pa á, ma sì máa yí i sí ọ̀run àti ògiri ní wákàtí wákàtí títí ilẹ̀ á fi ṣú.