Aṣọ́gbà tó fi gíláàsì kọ́ ààfin

Gíláàsì fèrèsé ni mo ń gé jẹun, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ohun tó ń dá wa lágara jù ni pé ojú fèrèsé kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Ìpàtẹ Ńlá ọdún 1851 ní Lọ́ńdọ̀nù fi wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, àti Henry Cole wà lára àwọn tó ṣagbátẹrù rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí orílẹ̀-èdè gbogbo kó ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá sí Hyde Park, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àmọ́ ilé wo ló máa gbà á? Àwòrán ilé 245 làwọn èèyàn fi ránṣẹ́, ìgbìmọ̀ ò mú ọ̀kankan. Ìgbà yẹn ni Joseph Paxton yọjú. Aṣọ́gbà ni o! Ní Chatsworth, ilé ńlá ìjòyè kan tó ti ń ṣọ́ ọgbà, ló ti gbin òṣíbàtà kan tí ewé rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ lé e lórí, tí ewé náà ò rì. Egungun abẹ́ ewé yẹn ló wò tó fi mọ bí òrùlé gíláàsì ṣe lè dúró. Orí pépà tí wọ́n fi ń fa tàdáwà gbẹ ló kọ́kọ́ ya ilé náà sí, ní oṣù Kẹfà 1850. Ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún 1851, Ọbabìnrin ti wá ṣí i. Crystal Palace, ìyẹn ààfin gíláàsì, ni wọ́n ń pè é.

Ẹ gbọ́ ibi tó dùn mọ́ mi jù. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni gíláàsì òrùlé: 49 ínǹṣì ní gígùn, 10 ní ìbú. Ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ títí á fi dà bí ọ̀pá oníhò, wọ́n á là á níhà kan, wọ́n á wá fi iná tẹ́ ẹ. Gbogbo ilé náà gba nǹkan bí 300,000. Àwọn tó ń tò ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ tó ń yí nínú gọ́tà òrùlé. Òpó irin tó gbé ilé dúró ní ihò nínú, ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Mo gé ẹyọ kan ní ìwọ̀n yẹn, mo gbé e ti ògiri. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Olówó ló kọ́kọ́ ráyè wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù yẹn, owó ìwọlé wálẹ̀ sí ṣílè kan, láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Àwọn kan bẹ̀rù pé mẹ̀kúnnù á da ìlú rú, wọn ò dà á rú. Rélùwéè ló ń kó wọn wá. Ìyá arúgbó kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún tiẹ̀ fẹsẹ̀ rìn láti Cornwall, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ní oṣù Kẹwàá, iye ìgbà tí èèyàn wọlé ti ju mílíọ̀nù 6 lọ.

Wọ́n tú ilé náà palẹ̀, wọ́n lọ tún un kọ́ sí Sydenham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, iná sì jó o ní 1936. Èrè ìpàtẹ náà, nǹkan bí £186,000, ni wọ́n fi ra ilẹ̀ ní South Kensington, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn mùsíọ́mù ńlá wà lónìí. Ó tún di owó ẹ̀kọ́ọ̀fẹ́. Òun ló gbé Ernest Rutherford, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, láti New Zealand dé Yunifásítì Cambridge ní 1895, ṣílè àwọn òṣìṣẹ́ yẹn sì wà nínú rẹ̀.