Oorun Tí N Kò Sí Níbẹ̀

Òjò tó rọ̀ lóru àná, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ àfi èmi. Mo gbàgbé láti ti fèrèsé pálọ̀ kí n tó sùn, nígbà tí ilẹ̀ sì máa fi mọ́, kápẹ́ẹ̀tì ti mu omi yó. Màmá, tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Omi ń ru jáde láàárín ìka ẹsẹ̀ wọn.

"Ṣé o ò gbọ́ òjò ni?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan, mà. Oorun yẹn mà dùn o."

Wọ́n wò mí. "Ìwọ tó o ò gbọ́ nǹkan kan, ta ló wá sọ fún ẹ pé ó dùn?"

Wọ́n ti wọ ilé ìdáná lọ kí n tó rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yìn ríro ló sọ mí di oníyoga ní bí ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀yìn nìkan ni mo fẹ́ kó san. Àṣé ìwé tí àwọn oníyoga ń tọ́ka sí jù, Yoga Sutra ti Patanjali, gbólóhùn 195 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta péré ló sì fi ṣàlàyé bí ara ṣe ń jókòó. Èmi tí mo rò pé kéèyàn gbé ẹsẹ̀ kọ́rùn ni yoga! Ohun tó ń lọ nínú èèyàn ni ìwé náà ń tọ pinpin, ìbéèrè Màmá sì wà níbẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún ọdún kan àtààbọ̀ sẹ́yìn, ní Íńdíà.

Gbólóhùn kejì ló lókìkí jù: yoga ni kí vritti inú chitta dákẹ́. Chitta ni gbogbo ohun inú wa tó ń rò, tó ń rántí, tó ń pe ara rẹ̀ ní "èmi". Vritti, mo máa ń rí i bí ìgbì kéékèèké tó ń yí lójú omi. Márùn-ún ni Patanjali kà: ìmọ̀ tó tọ́, ìmọ̀ tó ṣìnà, ọ̀rọ̀ tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn, oorun, àti ìrántí.

Oorun kẹ̀! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rò pé àṣìṣe atẹ̀wé ni. Bí omi bá máa dákẹ́ nígbà kankan, ṣé kì í ṣe nígbà tí èèyàn bá sùn fọnfọn tí kò tiẹ̀ lálàá? Patanjali ní rárá. Nínú oorun, chitta ṣì di nǹkan mú, àìsí nǹkan kan gan-an ló dì mú. Nínú àlàyé àtijọ́ kan lórí ìwé náà, tí wọ́n fi orúkọ Vyasa sí, ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni ẹ̀rí. Ẹnì kan á ní, "Mo sùn dáadáa, inú mi mọ́lẹ̀." Ẹlòmíràn á ní oorun burúkú lòun sùn, ọkàn òun ń rìn gbéregbère. Ẹnì kẹta á ní òun sùn bí òkú igi, gbogbo ara òun wúwo. Èèyàn kì í rántí ohun tí kò ṣojú rẹ̀. Àwa náà tí a máa ń bi ara wa láràárọ̀ pé ṣé a sùn dáadáa, a kì í rò ó pé ẹ̀rí là ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò sí nílé.

Ibi tó wá le ni pé chitta fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń wò. Nínú ẹ̀kọ́ Samkhya tí Patanjali dúró lé, Prakriti ni chitta, ìyẹn ohun tí gbogbo nǹkan inú ayé ti jáde wá, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú kápẹ́ẹ̀tì mi, ó kàn kúnná jù ú lọ ni. Èrò, ìbínú, ọgbọ́n orí pàápàá, Prakriti ni gbogbo wọn. Ẹni tó ń wò ni Purusha. Kì í ṣiṣẹ́ kankan, kì í yí padà. Wọ́n a máa fi òkúta dídán tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó pupa ṣe àpèjúwe rẹ̀: òkúta á dà bíi pé ó pọ́n, bẹ́ẹ̀ kò pọ́n rárá.

Lọ́dún tó kọjá, mo kọ ọ́ sí etí ìwé pé "orí inú nìyí". Mo ti fa igi lé e. Orí a máa yan ìpín kó tó wá sáyé, à ń bọ ọ́, ó ń gbeni. Purusha kò yan nǹkan kan rí. Ẹni tó bá gbé obì lọ bọ ọ́, òun náà ló máa jẹ obì rẹ̀.

Ohun kan ṣì ń bí mi nínú. Wọ́n ní Purusha pọ̀, kálukú ló ní tirẹ̀. Ohun tí kò láwọ̀, tí kò ṣiṣẹ́, kí ló ya tèmi sọ́tọ̀ sí ti Màmá? Èsì Samkhya ni pé a kì í bí gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kan, wọn kì í sì í kú lọ́jọ́ kan. Ara ni wọ́n bí, ara ló ń kú, kí ló kan Purusha níbẹ̀? Àwọn tó ní ọ̀kan ṣoṣo ni, àwọn Advaita, ẹlẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ní Íńdíà, tiwọn bá mi lára mu jù níbí. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tiẹ̀ wà tí wọ́n ní ọkàn kò nílò olùwòran kankan: ta ló ń tan fìtílà kejì kó tó lè rí èyí tó ti ń jó? Patanjali ò gbà, ó ní ohun tí a ń rí ni ọkàn, kò lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ara rẹ̀. Lóru, ti fìtílà ni mò ń ṣe. Láàárọ̀, tí mo bá jókòó bí ogún ìṣẹ́jú tí mo rí bí èrò ṣe ń kọjá níwájú mi, mo tún padà sọ́dọ̀ Patanjali.

Nírọ̀lẹ́ yìí, Màmá ń ṣa ẹ̀wà, mo sún mọ́ wọn, mo ní mo ti rí èsì ìbéèrè wọn: ọkàn kì í sinmi nínú oorun, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Wọ́n sọ òkúta kan dànù. "Tó bá ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tí kò dìde ti fèrèsé?"

Kápẹ́ẹ̀tì ṣì wà lórí fẹ́ǹsì, kò tíì gbẹ.