Ayálégbé Lọ́ńdọ̀nù, Onílé Ìjẹ̀bú

Ní òpópónà Brook ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé méjì fara kanra, àwo róbótó aláwọ̀ búlúù kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n fi ń sàmì ilé tí ẹni olókìkí ti gbé rí, sì wà lára wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti Handel, ẹni tí kúáyà wa ní Ìjẹ̀bú Òde máa ń kọ orin rẹ̀ nígbà Kérésì. Ó kó wọbẹ̀ ní 1723, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1759. Èkejì jẹ́ ti Jimi Hendrix, onígìtá, tó gbébẹ̀ láàárín 1968 sí 1969. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ayálégbé ni àwọn méjèèjì.

Láti 1866 ni wọ́n ti dá ètò àwo yìí sílẹ̀. English Heritage, àjọ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ ní England, ló ń bójú tó o báyìí. Ẹni tí wọ́n máa ṣe é fún gbọ́dọ̀ ti kú tó 20 ọdún, ilé tó gbé sì gbọ́dọ̀ ṣì wà lórí ìdúró. Ta ló kọ́ ọ? Kò kàn wọ́n.

Ní Ìjẹ̀bú, ẹni tó kọ́lé ló lorúkọ. Ẹ gbójú sókè wo àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́: sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ orúkọ bàbá onílé àti ọdún tó parí rẹ̀ sókè níwájú ilé, òjò ti sọ ọ́ di dúdú. Nísàlẹ̀, lára ògiri kan náà, àwọn ọmọ ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ìtàn ẹbí pé síbẹ̀, àti bàbá àti ìjà ogún.

Àwọn ẹni ńlá wa kò tiẹ̀ nílò àwo. Ìkẹ́nnẹ́ ni ibojì Awólọ́wọ̀ wà; Lọ́ńdọ̀nù ni Hubert Ògúndé kú sí ní 1990, Òsósà ni wọ́n gbé e wá sin. Ọlọ́kadà èyíkéyìí á gbé yín débẹ̀.

Àwọn tíṣà tó ti ìlú mìíràn wá ló ń dùn mí, àwọn tó gba yàrá sí Pòrògún, tí wọ́n kọ́ wa níwèé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n kó ẹrù wọn lọ, yàrá di ṣọ́ọ̀bù, ó parí. Lójú tèmi, àwọn gan-an ni àwo tọ́ sí.

Èmi náà ń san rẹ́ǹtì ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Bí mo bá pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi lórí fóònù, a ò ní tíì kíra tán tí wọ́n á fi ní, "Fáǹdéṣọ̀n yẹn ńkọ́?" Lọ́jọ́ kan mo ro ẹjọ́ Handel fún wọn: ọdún 36 ló fi san owó ilé, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ògiri dòní.

Wọ́n ní, "Ọmọ ta ni ní Ìjẹ̀bú?"