Jẹ́ Kí Atẹ́gùn Fẹ́ Sí I: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Àsọyé ní Òṣogbo

Àsọyé àkọ́kọ́ tí mo bá wọn ṣètò ní Òṣogbo, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a kọ sínú ìwé ìpè. Aago márùn-ún ti kọjá ogún ìṣẹ́jú kí olùsọ̀rọ̀ tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. A ti ń pe àwọn èèyàn pàtàkì jókòó, a ń ka oyè wọn, alága sọ̀rọ̀, bàbá ìsàlẹ̀ ètò náà sọ̀rọ̀, a sì ń pàtẹ́wọ́. Ogun ọdún 1840, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti dá ti Ìlọrin dúró ní Òṣogbo, ni a wá gbọ́. Olùsọ̀rọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ gbogbo rẹ̀, iná sì lọ, a ò rí àwòrán tó fẹ́ fi hàn wá. Nígbà tó fi máa ní kí a béèrè ìbéèrè, ilẹ̀ ti ń ṣú. Bàbá àgbàlagbà kan wà lẹ́yìn tó ti nawọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dìde, ó ṣẹ́ agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó lọ sílé. Títí di òní, mi ò mọ ohun tí bàbá yẹn fẹ́ sọ, ó sì ń dùn mí.

Tíṣà kẹ́místírì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá fẹ́ dá irú àpéjọ báyìí sílẹ̀ ní ìlú yín, ẹ gbọ́ èyí tí mo fi ara kọ́.

Ẹ kọ́kọ́ dín ìkíni kù. Ní báyìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, a sì ń fi orúkọ àwọn àlejò pàtàkì sí ìparí. Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń ṣe é, lẹ́yìn ìrun aago mẹ́rin, nítorí pé Àbámẹ́ta ti di ti òde àríyá, Àìkú jẹ́ ti ìjọ, Jímọ̀ náà sì ní tirẹ̀.

Aró ló kọ́ mi ní èyí tó kù. Ẹ mọ̀ pé aró wà nínú ìtàn ìpilẹ̀ ìlú yìí: wọ́n ní nígbà tí àwọn Láróòyè àti Tìmẹ́hìn gé igi kan tó wó sínú odò Ọ̀ṣun, ohùn kan ké láti inú omi pé ẹ̀yin oṣó igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán. Lọ́jọ́ tí àsọyé wa dá lórí aró, èmi ni mo máa sọ̀rọ̀, mo sì ti kọ ohun gbogbo sójú pátákó. Mo bẹ ìyá aláró kan pé kí wọ́n bá mi gbé ìkòkò wá, kí àwọn ọmọ iléèwé lè rí i. Mi ò retí ju ìyẹn lọ.

Ìyá ri aṣọ funfun sínú ìkòkò, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n fà á yọ. Mo ti lanu pé, "Ẹ wo aró," ni wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, má tíì pè é ní aró. Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i ná."

Òótọ́ ni. Aṣọ náà ń tutù yọ̀yọ̀ bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú. Gbogbo ilé dákẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣókùnkùn láti etí aṣọ wọ àárín, títí ó fi di aró lójú wa. Ọmọ kan kígbe, "Ó ti yí!" Ìgbà yẹn ni mo wá ṣàlàyé tèmi: bí ewé èlú bá ń kẹ̀ nínú omi eérú, àwọn kòkòrò tíntín tí ojú kò rí á lo ọ́síjìn inú omi tán, aró á sì yí padà sí irú tó ń yòrò, tó lè wọ inú òwú. Bó bá jáde síta, ọ́síjìn inú atẹ́gùn á dá a padà sí aró gan-an, kò sì ní yòrò mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń di mọ́ aṣọ.

Ìyá wá bi mí pé, kí ló dé tí àwọn àgbà fi kìlọ̀ fún àwọn pé kí àwọn má ro ìkòkò aró ní àròjù? Mo ní bí a bá ń rò ó, atẹ́gùn là ń kó sínú rẹ̀, aró á sì ti parí iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìkòkò kí aṣọ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Háà! Òun ló dé nìyẹn." Àwọn ló mọ ohun tí kò yẹ ní ṣíṣe, èmi mọ ìdí rẹ̀. Ọdún 26 ni mo fi ìṣó tó dípẹtà kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kan náà yìí, bí ọ́síjìn inú atẹ́gùn ṣe ń yí nǹkan padà, aṣọ aró sì wà lára mi lọ́jọ́ mìíràn tí mo ń kọ́ wọn.

Láti ọjọ́ náà, ìdajì àkókò ni olùsọ̀rọ̀ ń gbà lọ́dọ̀ wa, ìdajì tó kù jẹ́ ti àwọn tó wá gbọ́. Èdè Yorùbá ni a ń sọ. A sì ń wá ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà, kó jókòó ti ẹni tó kà nípa rẹ̀ nínú ìwé. Àwọn kan sọ fún mi pé èyí máa ń fi ọ̀mọ̀wé wọ́lẹ̀. Mi ò gbà. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ di gbàgede iṣẹ́ ọnà àti eré ní ìlú yìí ní 1962, "Mbari" tí wọ́n mú wá láti èdè Ìgbò ni orúkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn ìlú ló gbọ́ ọ ní Yorùbá, wọ́n sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, pé bí mo bá rí i, màá yọ̀. Orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà, ẹ kó àwọn èèyàn lọ síbi tí iṣẹ́ náà wà. A lọ sí igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2005, láti sọ̀rọ̀ nípa Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tí òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú yìí jọ ṣe àwọn ère inú igbó náà, tó dé Nàìjíríà ní 1950 tó sì kú ní ìlú yìí ní 2009. Olùsọ̀rọ̀ mẹ́nu ba Adébísí Àkànjí, bíríkìlà tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà sìmẹ́ǹtì. Ni bíríkìlà kan láàárín wa bá sún mọ́ ère kan, ó ń fi ìka tọ ojú ibi tó ti sán, ó ń ṣàlàyé bí òjò ṣe ń wọlé àti bí a ṣe ń po sìmẹ́ǹtì tí a ó fi tún un ṣe. Olùsọ̀rọ̀ yọ bírò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti ìtàn, ẹ jẹ́ kí olùsọ̀rọ̀ yà á sọ́tọ̀: èyí ni a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, èyí ni a rí kà. Bí ìdílé kan bá dìde pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé àwọn kọ́ nìyẹn, ẹ má ṣe pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ la gbé kalẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá: bí wíwa góòlù lápá òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ṣe sọ omi di ẹrẹ̀. Kí olùsọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé gbohùngbohùn lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, bí mo ṣe ń ṣe nígbà gbogbo báyìí. Bàbá apẹja kan gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n ní àwọn lè sọ fún wa bí ìsàlẹ̀ odò ṣe rí nígbà tí èèyàn ṣì ń rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú omi. Olùsọ̀rọ̀ pa ìwé rẹ̀ dé, ó fa àga sún mọ́ wọn.