Ìka Bàbá Lórí Àwòrán Ilẹ̀

Òwúrọ̀ àná ni mo jókòó sórí ẹní tí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ hun, nínú ilé gígùn tí ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ń gbé, ti àwọn Dayak Iban, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní abúlé Sungai Utik, ní ìwọ̀-oòrùn Kalimantan, lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà. Bàbá àgbàlagbà kan tẹ́ àwòrán ilẹ̀ síwájú mi. Ojú ibi tí wọ́n ti ká ìwé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ṣùgbọ́n ìka bàbá kò ṣi ibì kankan: ó tọ́ka sí odò, ó tọ́ka sí igi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi ṣe ààlà, ó sì dúró pẹ́ lórí ibi tí wọ́n sin òkú wọn sí. Èékánná rẹ̀ dúdú fún iṣẹ́ oko, bíi ti bàbá bàbá mi gẹ́lẹ́.

Wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ pé igbó ni bàbá àwọn, ilẹ̀ ni ìyá àwọn, omi sì ni ẹ̀jẹ̀ àwọn. Ní ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ tó ń túmọ̀ òfin orílẹ̀-èdè náà dá a lẹ́jọ́ pé igbó àjogúnbá kì í ṣe igbó ìjọba. Síbẹ̀, ó di ọdún 2020 kí Sungai Utik tó gba ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni igbó rẹ̀, igbó tó lé ní hẹ́kítà 9,000. Ọ̀pọ̀ abúlé Dayak mìíràn ṣì ń dúró. Ó dùn mí dé ọkàn pé ọmọ onílẹ̀ ní láti máa tọrọ ilẹ̀ baba rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ǹjẹ́ àgbàlagbà kan ti fi ìka tọ ààlà ilẹ̀ baba rẹ̀ hàn yín báyìí rí?